Ta Ló Di Ìwé Yàrá Mú? Àwọn Ẹ̀gbá àti Ọkọ̀ Mẹ́ẹ̀lì Liverpool

Ní gáréèjì Mówe, níbi tí àwọn ọkọ̀ Ọ̀fàdà ti ń kó èrò, igbe agbèrò kan kì í tán: "Ọ̀fàdà, ó ku ẹnì kan! Ẹnì kan ṣoṣo!" Èrò tó gbọ́n kì í tìtorí igbe yìí yọ owó. Yóò kọ́kọ́ yọjú wo inú ọkọ̀, yóò ka orí àwọn tó ti jókòó, yóò sì wò wọ́n dáadáa bóyá èrò tòótọ́ ni wọ́n tàbí ọmọ gáréèjì tí wọ́n fi ṣe ìdẹ. Kí ó tó pẹ́, ó ti mọ̀ bóyá ẹnì kan ló kù lóòótọ́ tàbí mẹ́rin. Ẹni tó ń tà ní ohùn, ẹni tó ń rà ní ojú, agbára wọn sì fẹ́ẹ̀ dọ́gba. Ìdọ́gba yìí ni ó bàjẹ́ nígbà tí àwọn èèyàn ilẹ̀ Ẹ̀gbá bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ọkọ̀ òkun lọ sí ìlú òyìnbó. Ọkọ̀ náà tóbi, ojú òkun ló wà, yàrá rẹ̀ sì wà níbi tí ojú èrò kò lè dé kí ó tó sanwó. Iye yàrá tí wọn kò tíì tà di ọ̀rọ̀ inú ìwé, ọwọ́ ẹnìkan ni ìwé náà sì wà. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tó di ìwé yẹn mú ló ń pinnu ẹni tí yóò rìn, ìgbà tí yóò rìn, àti ohun tí yóò san. Ìtàn ìrìnàjò Ẹ̀gbá sí òkè òkun, láti ìgbà àwọn Sàró títí di òní, kò ní yé wa dáadáa bí a kò bá tẹ̀lé ìwé yẹn láti ọwọ́ dé ọwọ́.

Kí reluwé tó dé, odò Ògùn ni ọ̀nà tó so ilẹ̀ Ẹ̀gbá mọ́ òkun. Láti Àrò ní Abẹ́òkúta ni ọkọ̀ àjẹ̀ ti ń sọ̀ kalẹ̀, tí ó ń gba Mókólókì tí kò jìnnà sí Ọ̀fàdà kọjá, títí tí yóò fi dé ọ̀sà Èkó. Ẹni tó fẹ́ bá ọkọ̀ náà lọ ń dúró ní èbúté, ó ń fi ojú ara rẹ̀ rí bí ẹrù ṣe ga tó àti ibi tí omi dé lára ọkọ̀. Bí àyè bá kù, ó rí i. Bí kò bá kù, ó rí i. Àwọn Sàró náà bẹ̀rẹ̀ ìrìn òkun wọn ní ọ̀nà tó jọ èyí. Àwọn wọ̀nyí ni wọ́n kó lẹ́rú nígbà ogun tó fọ́ ilẹ̀ Yorùbá, tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lójú òkun, tí wọ́n sì sọ̀ sí Freetown. Nígbà tí ọdún 1839 fi máa dé, púpọ̀ nínú wọn ti ń ṣòwò, wọ́n ti ní owó díẹ̀ lọ́wọ́, ìlú tuntun sì ti wà lábẹ́ Olúmọ láti 1830. Wọ́n fẹ́ padà sílé. Wọ́n kọ̀wé ẹ̀bẹ̀ sí Doherty, Gómìnà Sierra Leone, ṣùgbọ́n wọn kò jókòó dúró de ọkọ̀ ìjọba. Wọ́n dáwó jọ, wọ́n ra ọkọ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ẹrú, èyí tí wọ́n ń lù ní gbàǹjo ní Freetown, wọ́n sọ ọ́ ní Queen Victoria, ó sì kó wọn wá sí Àgbádárìgì ní 1839. Láti ibẹ̀ ni àwọn Ẹ̀gbá àárín wọn ti fẹsẹ̀ rìn lọ sí Abẹ́òkúta.

Ẹ̀rí tó ṣe pàtàkì jù nínú ìtàn yìí, lójú tèmi, ni ọ̀rọ̀ Henry Townsend, míṣọ́nnárì òyìnbó. Nígbà tí ìjọ CMS fẹ́ kí ó wá wo Abẹ́òkúta ní ìparí 1842, ọkọ̀ Wilberforce ni ó wọ̀ láti Freetown, àwọn Sàró ni wọ́n ni ọkọ̀ náà, wọ́n sì gbé e láìgba owó. Oṣù kìíní ọdún 1843 ni ó wọ Abẹ́òkúta. Àwọn tó ń kọ ìtàn ẹ̀sìn máa ń sáré kọjá ibẹ̀ kí wọ́n lè tètè dé orí ìwàásù rẹ̀. Ó yẹ kí á dúró níbẹ̀. Òyìnbó ni ó ń wá àyè, ọmọ Yorùbá ni ó ń pín àyè. Kò sí aṣojú kankan láàárín tí yóò sọ fún Ẹ̀gbá pé ọkọ̀ ti kún, nítorí pé àwọn tó ni ọkọ̀ àti àwọn tó fẹ́ wọ̀ ọ́ jọ ń gbé ládùúgbò kan náà, wọ́n jọ ń ṣe ìjọ, wọ́n jọ ń dá èsúsú. Láàárín ọdún díẹ̀ yẹn, ìwé yàrá wà nílé wa.

Kò pẹ́ níbẹ̀. Ní 1852, Macgregor Laird dá ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ eléèéfín sílẹ̀, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì fún un ní iṣẹ́ gbígbé lẹ́tà lọ sí etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Láti ìgbà yẹn ni orúkọ ọkọ̀ mẹ́ẹ̀lì ti wọ ẹnu àwọn èèyàn Èkó àti Abẹ́òkúta. Ọkọ̀ náà ní ọjọ́ tí yóò dé àti ọjọ́ tí yóò lọ, èyí sì jẹ́ ìrànlọ́wọ́ ńlá, nítorí pé ọkọ̀ onígbòkun tí afẹ́fẹ́ ń tì kò lè ṣèlérí bẹ́ẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kejì dìde lẹ́yìn ọdún bíi 17, àwọn méjèèjì sì ń bá ara wọn du èrò àti epo pupa. Nígbà tí ẹni méjì bá ń ta ohun kan náà, èrò ní ọ̀nà láti mọ òtítọ́: bí ti àkọ́kọ́ bá ní òun ti kún, kí ó lọ bi èkejì. Alfred Jones ló pa ọ̀nà yẹn dé. Akọ̀wé ni ó ti bẹ̀rẹ̀ nínú iṣẹ́ ọkọ̀ ní Liverpool, ṣùgbọ́n kí ọ̀rúndún náà tó parí, ilé-iṣẹ́ rẹ̀, Elder Dempster, ti kó àwọn ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ méjèèjì sábẹ́ àkóso kan. Ní 1895, ó bá ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ Woermann ti Hamburg ṣe àdéhùn lórí owó ẹrù: oníṣòwò tó bá fi gbogbo ẹrù rẹ̀ sínú ọkọ̀ wọn nìkan ni yóò gba ìdá kan nínú mẹ́wàá owó rẹ̀ padà, lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan. Ẹrù ni àdéhùn náà wà fún, kì í ṣe èrò. Síbẹ̀, ọkọ̀ kan náà ló ń gbé àwọn méjèèjì, èrò tí kò rí àyè lọ́dọ̀ Jones kò sì ní ilẹ̀kùn púpọ̀ mìíràn láti kàn.

Ibi tí Èkó wà tún mú kí ọ̀rọ̀ náà le sí i. Yanrìn dí ẹnu ọ̀sà, ọkọ̀ ńlá kò sì lè wọlé títí di nǹkan bí 1914, lẹ́yìn tí wọ́n ti fi òkúta mọ ògiri sínú òkun láti fi tì yanrìn sẹ́yìn. Èrò ní láti wọ ọkọ̀ kékeré láti Marina, kí ó ré kọjá ìjì ẹnu ọ̀sà, kí wọ́n sì fi àga olókùn fà á sókè bọ́ sínú ọkọ̀ ńlá lójú agbami. Láti apá Calabar, Bonny àti Forcados ni ọkọ̀ tó ń padà sí Liverpool ti máa ń bọ̀ wá sí Èkó, àwọn èrò ibẹ̀ sì ti gba yàrá tiwọn kí ó tó dé. Láti orí ilẹ̀, kò sí ojú tó lè ka nǹkan kan nínú ọkọ̀ náà. Wáyà abẹ́ òkun tó dé Èkó ní 1886 mú kí aṣojú ilé-iṣẹ́ lè mọ iye yàrá tó kù kí ọkọ̀ tó yọ, ṣùgbọ́n òun nìkan ni wáyà náà ń bá sọ̀rọ̀. Nígbà tí reluwé dé Abẹ́òkúta ní 1899, ẹni tó wọkọ̀ ní Láfẹ́ńwá lè dé Èkó lọ́jọ́ kan náà. Ó sún mọ́ ọkọ̀ ju bàbá rẹ̀ lọ, kò sì mọ̀ nípa inú ọkọ̀ ju bàbá rẹ̀ lọ.

Ní 1904, Aláké Gbádébọ̀ Kìíní lọ sí Gẹ̀ẹ́sì, Adégbóyèga Ẹdun, akọ̀wé ìjọba Ẹ̀gbá, sì wà lára àwọn tó bá a lọ. Ọba Edward Keje gbà á lálejò. Ìrìnàjò yẹn jẹ́ ìyì fún gbogbo Ẹ̀gbá, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ìjọba Ẹ̀gbá ṣì dá dúró nígbà náà. Fún àròkọ yìí, ohun tó kọ́ wa ni pé fún ọba tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń retí, kò sí ọkọ̀ tí í kún. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún àwọn òyìnbó òṣìṣẹ́ ìjọba. Wọ́n ń lo ọdún kan sí ọdún kan ààbọ̀ lẹ́nu iṣẹ́, lẹ́yìn náà ni wọn yóò lọ sinmi nílé, ìjọba ló sì ń sanwó ọkọ̀ wọn. Yàrá tí wọ́n ti fi pa mọ́ fún irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ kì í ṣe yàrá tí wọ́n ti tà, kì í sì í ṣe yàrá tí wọ́n lè tà fún oníṣòwò ará Ìtòkò tó fi owó sílẹ̀ lórí tábìlì. Ọ̀rọ̀ "ó ti kún" lè jẹ́ òtítọ́ fún ẹnìkan, kí ó má jẹ́ òtítọ́ fún ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lórí ìlà.

Báwo wá ni Ẹ̀gbá tí kì í ṣe ọba ṣe ń mọ̀? Ọ̀nà tí ó hàn kedere jù nínú àkọsílẹ̀ ni ìwé ìròyìn. Àwọn ìwé ìròyìn Èkó ìgbà náà ń tẹ orúkọ àwọn tó bá ọkọ̀ mẹ́ẹ̀lì dé àti àwọn tó bá a lọ, àwọn èèyàn sì ń ka ojú ìwé yẹn bí ẹni ń ka lẹ́tà ìdílé. Àwọn tó ń kọ ìtàn àwùjọ Sàró ń lò ó láti mọ ẹni tó rán ọmọ rẹ̀ lọ kọ́ òfin tàbí ìṣègùn. Èmi rò pé ó ṣe iṣẹ́ mìíràn pẹ̀lú. Ẹni tó bá ka orúkọ wọ̀nyẹn ní oṣù dé oṣù yóò mọ ìgbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń rọ́ lọ sílé, yóò mọ ọkọ̀ tó kéré àti èyí tó tóbi, yóò sì lè fojú díwọ̀n bóyá ó yẹ kí òun lọ béèrè ní oṣù yìí tàbí kí òun dúró de oṣù tó ń bọ̀. Ọ̀nà kejì ni èèyàn. Ọmọ ilẹ̀ wa ni wọ́n ń ṣe akọ̀wé ní àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó ní Marina, ní kọ́sítọ́ọ̀mù àti ní pósíófíìsì. Ìjọ, ẹgbẹ́ àti ìdílé ló so àwọn akọ̀wé wọ̀nyí mọ́ Aké, Ìjemọ̀ àti Ìgbẹ̀yìn. Ìwé tí ilé-iṣẹ́ dì mú kò lè ṣàìgba ọwọ́ akọ̀wé kọjá.

Ẹnìkan lè sọ pé èyí fi hàn pé kò sí àṣírí rárá, pé Ẹ̀gbá rí ọ̀nà gbé e gbà. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà akọ̀wé ṣí fún ẹni tó ní akọ̀wé nínú ìdílé. Àgbẹ̀ Ọ̀fàdà tàbí Ọwódé tó ta ìrẹsì àti obì fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó lè rán ọmọ kan lọ kàwé, kì í ka ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì, kò sì ní ìbátan ní Marina. Bí wọ́n bá ní kí ó padà wá lóṣù mẹ́ta, yóò padà wá lóṣù mẹ́ta. Nípa báyìí, àṣírí iye yàrá kò pín òyìnbó àti aláwọ̀ dúdú níyà nìkan. Ó pín àwọn Ẹ̀gbá fúnra wọn sí àwọn tó mọ̀ àti àwọn tó ń dúró. Ìdí kan nìyí, kì í ṣe òun nìkan, tí àwọn orúkọ ìdílé kan náà fi ń padà wá lórí àwọn tó kọ́kọ́ di lọ́yà àti dókítà ní Èkó àti Abẹ́òkúta.

Àtakò tó lágbára jù lọ sí ohun tí mo ń sọ ni ti ọ̀wọ́n. Àwọn kan yóò ní: kí lo ń wá àṣírí sí, nígbà tí ọkọ̀ kò tó? Òótọ́ ni pé àwọn ìgbà kan wà tí ọkọ̀ kò tó rárá. Nínú Ogun Àgbáyé Kìíní, àwọn ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì rì púpọ̀ nínú ọkọ̀ Elder Dempster, Falaba tó rì ní 1915 sì wà lára wọn. Fúnmiláyọ̀ Thomas, tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí Ransome-Kútì, gba ojú òkun lọ sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1919, nígbà tí ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ parí. Ogun kejì tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkọ̀ Accra àti Apapa rì ní 1940, Adda ní 1941, Abosso ní 1942. Nígbà tí àlàáfíà dé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ti dúró fún ọdún mẹ́fà ń béèrè àyè lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti ìdílé wọn. Ìgbà tí Accra tuntun dé ní 1947 àti Apapa tuntun ní 1948, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba nǹkan bí 300 èrò, ni ara bẹ̀rẹ̀ sí í tu èrò díẹ̀. Ta ni yóò sọ pé àṣírí ni ó fa ìyà ọdún wọ̀nyẹn?

Ṣùgbọ́n ìgbà ọ̀wọ́n gan-an ni àṣírí ń ṣiṣẹ́ jù. Bí yàrá 100 bá kù, kò sí ẹni tó nílò láti mọ iye rẹ̀; ẹni tó bá dé yóò rí àyè. Bí 3 bá kù, ẹni tó mọ̀ pé 3 ni, tó sì mọ̀ lónìí, ti gba ipò lọ́wọ́ ẹni tí yóò gbọ́ lọ́la. Nígbà ogun, ìjọba ló ń to àwọn èrò lẹ́sẹẹsẹ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ wọn ṣe ṣe pàtàkì sí i, ètò yẹn sì nídìí. Ohun tó burú ni pé ẹni tó wà nísàlẹ̀ ìwé kò lè mọ bóyá ọkọ̀ tí wọ́n kọ̀ fún un lọ pẹ̀lú yàrá òfìfo tàbí kò lọ bẹ́ẹ̀. Kò lè bèèrè, kò lè jiyàn, kò sì lè gba wọ́n gbọ́ pẹ̀lú ọkàn tó balẹ̀.

Àìgbàgbọ́ yẹn ní ìpìlẹ̀. Ní 1947 kan náà, Ivor Cummings wá sí Èkó láti London lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Òṣìṣẹ́ ńlá ni ní ọ́fíìsì tó ń bójú tó àwọn ìlú tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso, ọmọ Sierra Leone sì ni bàbá rẹ̀. Wọ́n ti gba yàrá sílẹ̀ fún un ní Bristol Hotel. Nígbà tí wọ́n rí i pé aláwọ̀ dúdú ni, wọ́n kọ̀ láti fún un. Inú bí gbogbo Èkó, ìwé ìròyìn kò sinmi, Gómìnà Richards sì ní láti gbé ìwé àṣẹ jáde láti fòpin sí irú ìyàsọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀. Hótẹ́ẹ̀lì kì í ṣe ọkọ̀ òkun, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀ràn Cummings jẹ́ ẹ̀rí tí ó ṣọ̀wọ́n, nítorí pé nínú rẹ̀ ni a ti mọ iye yàrá dájú: ó kéré tán, ọ̀kan wà, èyí tí wọ́n ti kọ orúkọ rẹ̀ sí. Bí kò bá jẹ́ pé wọ́n ti gba yàrá náà ṣáájú, "kò sí àyè" nìkan ni ì bá gbọ́, kò sì ní sí ẹni tó lè já irọ́ náà. Ọ̀pọ̀ èèyàn tí kò ní ìwé kankan lọ́wọ́ ni wọ́n gbọ́ "kò sí àyè" ní oríṣiríṣi káńtà láàárín ọdún wọ̀nyẹn, wọ́n sì yí padà sílé.

Àwọn kan yóò tún sọ pé ọlọ́jà ló ni iye ọjà rẹ̀, pé kò sí òfin tó ní kí ìyá aláṣọ ní Ìtòkú sọ iye aṣọ tó kù nínú àpótí rẹ̀. Mo gbà fún ìyá aláṣọ, nítorí pé aláṣọ 50 ló jókòó tì í, aṣọ rẹ̀ kì í sì í gbé ọmọ ẹnikẹ́ni lọ sílé ìwé. Ọ̀rọ̀ yàtọ̀ nígbà tí ẹnìkan bá di ọ̀nà mú. Àwọn ará Amẹ́ríkà, tí kò sí ẹni tó fẹ́ràn òwò jù wọ́n lọ, rí èyí nínú ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfuurufú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, American Airlines àti IBM ṣe ẹ̀rọ Sabre, èyí tó ń sọ fún akọ̀wé lójú ẹsẹ̀ iye ìjókòó tó kù nínú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó yá, ẹ̀rọ náà dé ọ́fíìsì àwọn tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì káàkiri, àwọn tó ni irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sì ń to ọkọ̀ tiwọn sókè, wọ́n ń fi ti àwọn yòókù sísàlẹ̀. Ní 1984 ni ìjọba ibẹ̀ fi òfin de àṣà náà. Ìjọba kò sọ pé kí wọ́n má ṣòwò. Ó sọ pé ẹni tó ń fi iye ìjókòó han aráàlú kò gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ bo apá kan rẹ̀.

Àwọn ènìyàn wa ti gbìyànjú láti gba ìwé yàrá padà ní ọ̀nà ti 1839, ìyẹn ni kí á ní ọkọ̀ tiwa. Nígbà tí Marcus Garvey dá ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òkun Black Star Line sílẹ̀ ní 1919, ẹ̀ka ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 1920, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ náà sì wà lára ohun tó fa àwọn èèyàn mọ́ra jù. Ní 1959, Nàìjíríà dá ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òkun tirẹ̀ sílẹ̀, Elder Dempster gan-an sì ní ìpín nínú rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ẹrù ni ọkọ̀ wọn ń kó ní pàtàkì, ilé-iṣẹ́ náà sì wó ní 1995. Ó dùn mí pé ó wó, ṣùgbọ́n kódà bí ó bá dúró, níní ọkọ̀ kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú kí aráàlú mọ inú ọkọ̀. Ìjọba tiwa ló ni reluwé tuntun tó ń gba Abẹ́òkúta kọjá láti 2021, tí wọ́n fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká sọ ibùdó rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, tí wọ́n sì fi orúkọ Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì sọ ti Pápáláńtò. Kì í ṣe ẹni tó ni ọkọ̀ ni ìbéèrè náà mọ́, bí kò ṣe ẹni tó lè wo ìwé rẹ̀.

Ọkọ̀ mẹ́ẹ̀lì tó kẹ́yìn ni Aureol. Glasgow ni wọ́n ti kàn án, ó bẹ̀rẹ̀ ìrìnàjò ní 1951, ìwọ̀n títóbi rẹ̀ ju tọ́ọ̀nù 14,000 lọ, ó sì ń lo nǹkan bí ọjọ́ 13 láti Liverpool dé Àpápá, ní ọ̀nà Las Palmas àti Freetown. Láàárín ọdún 1960 sí 1970, ọkọ̀ òfuurufú gba èrò rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ yí padà pátápátá: yàrá wá ń ṣófo, ilé-iṣẹ́ ló sì wá ń wá èrò. Accra àti Apapa kúrò lójú ọ̀nà kí ọdún 1970 tó dé. Aureol kúrò ní Liverpool lọ sí Southampton ní 1972, ó sì ṣe ìrìn rẹ̀ ìkẹyìn ní 1974.

Láti Southampton kan náà ni àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Gẹ̀ẹ́sì ti ń wọ ọkọ̀ ìgbafẹ́ lónìí, àwọn kan láti fi ṣe àyájọ́ ọjọ́ ìbí ọgọ́ta ọdún tàbí ti ìgbéyàwó. Ìbéèrè náà ti padà: yàrá mélòó ló kù? Ilé-iṣẹ́ kì í sọ ọ́, nítorí pé iye owó yàrá ń gòkè ó sì ń sọ̀ pẹ̀lú bí ọjà ṣe ń tà. Àwọn tó mọ ọgbọ́n rẹ̀ máa ń ṣe bí ẹni fẹ́ ra yàrá lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọn yóò ṣí àwòrán dẹ́kì kọ̀ọ̀kan, wọn yóò ka àwọn yàrá tó ṣì ṣí sílẹ̀, wọn yóò sì tún ṣe é fún èrò méjì, mẹ́ta àti mẹ́rin, nítorí pé yàrá tó hàn fún méjì lè má hàn fún mẹ́rin. Wọ́n mọ̀ pé nígbà tí ọjọ́ ìsanwó ìkẹyìn bá kọjá, nǹkan bí oṣù mẹ́ta ṣáájú ìrìnàjò, àwọn tí kò sanwó tán ń dá yàrá padà, àwọn tó gba yàrá púpọ̀ fún ẹgbẹ́ náà ń dá èyí tó ṣẹ́kù padà. Síbẹ̀, kíkà náà ní ibi tó mọ. Ilé-iṣẹ́ lè má fi gbogbo yàrá hàn lẹ́ẹ̀kan náà, ọkọ̀ sì lè kún kí yàrá ṣì ṣófo, nítorí pé iye èèyàn kò gbọ́dọ̀ ju ohun tí ọkọ̀ ìgbẹ̀mílà rẹ̀ lè gbà lọ. Iṣẹ́ ojú ni wọ́n ń ṣe, iṣẹ́ kan náà tí èrò ń ṣe ní gáréèjì, àfi pé ẹni tó ń tà ló ń yan ibi tí ojú yóò dé.

Iye yàrá tó kù nínú àwọn ọkọ̀ mẹ́ẹ̀lì àtijọ́ rọrùn láti mọ̀ ju ti òní lọ, ohun tó sì yà mí lẹ́nu jù nínú ìtàn yìí nìyẹn. Àkọsílẹ̀ orúkọ àwọn èrò tó bá ọkọ̀ wọ èbúté Gẹ̀ẹ́sì láti òkè òkun wà ní ilé àkójọ ìwé ìjọba ní Kew, London, láti 1878 títí di 1960. Ti àwọn tó jáde láti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1890. Orúkọ wà níbẹ̀, ọjọ́ orí wà níbẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ wà níbẹ̀, àti irú àyè tí èrò kọ̀ọ̀kan gbà nínú ọkọ̀. Iye èrò tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan lè gbà kì í ṣe àṣírí mọ́. Ẹni tó bá mú àkọsílẹ̀ ọkọ̀ kan ní 1946, tó ka àwọn èrò inú rẹ̀, tó sì yọ wọ́n kúrò nínú iye tí ọkọ̀ náà gbà, yóò mọ bóyá ọkọ̀ lọ pẹ̀lú ibùsùn òfìfo nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ẹ̀gbá ń dúró ní Èkó. Yóò lè ya àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba sọ́tọ̀ kúrò lára oníṣòwò, àti Áfíríkà kúrò lára òyìnbó, láti inú iṣẹ́ àti orúkọ wọn. Àwọn yunifásítì wa ní Agọ́-Ìwòyè àti Ìbàdàn ní akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn tó lè ṣe iṣẹ́ yìí. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1945 sí 1948, nítorí pé ọdún wọ̀nyẹn ni àríyànjiyàn lórí ọ̀wọ́n ti le jù, àwọn kan tó dúró lórí ìlà nígbà náà sì ní ọmọ tó ṣì wà láàyè, tó ṣeé ṣe kí ó ṣì ní àwọn lẹ́tà ìdáhùn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ nínú àpótí.